Pẹ́dà Fuzz Tó Ń Hú: Ọ̀nà Wo Ni Ìró Ń Gbà Padà Wọlé?

Tìràǹsísítọ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Síbẹ̀, òun ni àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe pẹ́dà fuzz fún gìtá kọ́kọ́ máa ń fura sí nígbà tí pẹ́dà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn gìtá. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi líìdì jó òmíràn síbẹ̀, ariwo á ṣì máa bá a lọ. Wọ́n á ra mìíràn lọ́dọ̀ òǹtajà tó yàtọ̀, bákan náà ni. Mo ti rí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú, tí wọ́n jó, tí wọ́n tún tú títí ìlà bàbà fi ṣí kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà méjì tó fara kanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì ló ń dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ híhú yìí yẹ̀ wò látòkèdélẹ̀: ohun tó ń fà á, oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn aṣẹ̀rọ ń gbà kojú rẹ̀, àti èyí tó yẹ ká gbẹ́kẹ̀ lé nínú wọn.

Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí síbi àríyá tí olórin ti gbé máíkì kọjá níwájú sípíkà ti gbọ́ irú nǹkan yìí rí. Ìró jáde lára sípíkà, ó bọ́ sínú máíkì, ampílífáyà sọ ọ́ di ńlá, ó tún jáde, ó tún wọlé, títí gbogbo rẹ̀ fi di híhú kan ṣoṣo tó ń gún etí. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú pẹ́dà fuzz náà nìyẹn, àfi pé kò sí máíkì níbẹ̀, kò sì sí sípíkà. Ara wáyà, afẹ́fẹ́ tó wà láàrin wáyà sí wáyà, tàbí inú bátìrì ni ìró ń gbà padà. Ní 1921, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì kan, Heinrich Barkhausen, ṣàlàyé ohun méjì tó gbọ́dọ̀ pé kí irú híhú bẹ́ẹ̀ tó lè dúró. Èkíní, ohun tó padà wọlé gbọ́dọ̀ lágbára tó ohun tó kọ́kọ́ wọlé, ó kéré tán. Èkejì, ìṣísẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí èyí tó padà dé máa ti èyí tó bá níbẹ̀ síwájú, kó má fà á sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Gbogbo àtúnṣe tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú ohun méjì yìí ni wọ́n ń yẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé fuzz ló ń hú ju àwọn pẹ́dà yòókù lọ? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ibi ẹ̀rọ tó dà rú ni fuzz fúnra rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n ń gba orin Marty Robbins tó ń jẹ́ "Don't Worry" sílẹ̀ ní Nashville, apá kan nínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ yọnu, ohùn gìtá Grady Martin sì ha, ó fàya. Orin náà jáde ní 1961, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ohùn náà. Glenn Snoddy tó ń bójú tó ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, òun àti Revis Hobbs, wá ọ̀nà láti fi tìràǹsísítọ̀ ṣe irú ohùn yẹn, ilé iṣẹ́ Gibson sì gbé e jáde ní 1962 gẹ́gẹ́ bíi Maestro Fuzz-Tone. Keith Richards lò ó nínú "Satisfaction" ní 1965. Lọ́dún yẹn náà ni Gary Hurst ṣe Tone Bender ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1966 ilé iṣẹ́ Arbiter gbé Fuzz Face jáde, èyí tí Jimi Hendrix sọ di olókìkí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1969, Mike Matthews ti ń ta Big Muff ní New York. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é nílé fi bẹ̀rẹ̀. Ní São Paulo, Cláudio César Dias Baptista ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá àti ẹ̀rọ ohùn fún ẹgbẹ́ Os Mutantes tí àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Fuzz Face ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní, òun náà ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Tìràǹsísítọ̀ méjì, rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin, kàpásítọ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀bù méjì, bátìrì onífóltì 9: gbogbo ẹrù inú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó fi jọ àwọn fuzz yòókù ni pé ó ń sọ ìró kékeré di ńlá kọjá ààlà, títí orí ìró náà fi gbá òkè fóltì 9, tí ìdí rẹ̀ sì gbá ìsàlẹ̀. Ohùn fífàya tí à ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tìràǹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tún máa ń yí ìró dojú délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dojú délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó tún dúró ṣánṣán. Nínú Fuzz Face, ìró tó jáde lẹ́yìn tìràǹsísítọ̀ kejì ń bá èyí tó wọlé rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Mẹ́rin ló wà nínú Big Muff, bákan náà ló sì rí. Ìyẹn ni pé ohun kejì tí Barkhausen béèrè ti pé kí a tó tan ẹ̀rọ rárá; ó ku kí ìró rí ọ̀nà kékeré kan padà.

Ọ̀nà náà kéré ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Wáyà méjì tí kò ní aṣọ irin, tí wọ́n jọ rìn pọ̀ fún ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà, ti di kàpásítọ̀ bíi picofarad 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò rà á, kò sì sí nínú àwòrán. Fún ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 5,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdíwọ́ picofarad 1 yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 ohm. Ó jọ ògiri. Ṣùgbọ́n ní irú ìró bẹ́ẹ̀, pickup gìtá fúnra rẹ̀ lè ní ìdíwọ́ tó 100,000 ohm, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú 320 ìró tó jáde ló máa padà sẹ́nu ọ̀nà. Bí fuzz bá ń sọ ìró di ìlọ́po 1,000, ohun tó padà yìí á jáde ní ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, yóò tún padà, yóò tún di ìlọ́po mẹ́ta. Híhú dé nìyẹn. Fuzz Face kì í tètè kó sínú ọ̀fìn yìí, torí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa ń fa ìró mọ́lẹ̀ gan-an, àmọ́ àìfaramọ́ ẹlòmíràn yẹn náà ń bí wàhálà tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Kí a tó tú ẹyọ kan, ó yẹ ká mọ̀ bóyá híhú ni lóòótọ́. Ariwo iná NEPA tó ń kùn ní hertz 50 kì í ṣe híhú. Okùn ẹ́ẹ̀tì tó já tàbí ádápítọ̀ burúkú ló ń fà á. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń yọ láti inú pẹ́dà náà kì í ṣe híhú. Ilé iṣẹ́ rédíò AM kan ni fuzz ń gbà, nítorí tìràǹsísítọ̀ tó ń fa ìró ya lè ṣe iṣẹ́ rédíò kékeré. Híhú tó ń ti ara sípíkà wá náà kì í ṣe ti pẹ́dà. Èyí tí Hendrix sọ di orin nígbà tó bá dojú gìtá kọ ampílífáyà, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń gbà. Ó sì tún wà nígbà tí pickup gìtá kò bá ní epo ìda nínú: wáyà rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti máíkì. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò le. Bí híhú bá ń yí padà nígbà tí o bá kẹ̀yìn sí ampílífáyà tàbí tí o bá rìn jìnnà, inú yàrá ló wà. Bí o bá fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ, tí sípíkà dákẹ́ pátápátá, tí ó sì ṣì ń hú, inú pẹ́dà ló wà.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo kà sí ju gbogbo àyẹ̀wò lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Yí nọ́ọ̀bù ohùn gìtá sí òdo. Bí gìtá bá ti wà ní òdo, ẹnu ọ̀nà pẹ́dà ti kan ẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé á ṣubú sínú ẹ́ẹ̀tì. Bí híhú bá dákẹ́, ẹnu ọ̀nà ni ìró ń gbà padà: wo wáyà, wo súwíìṣì, wo àpótí. Bí kò bá dákẹ́, inú lọ́hùn-ún ló wà, láàrin ìpele kan sí ìkejì, tàbí nínú iná tó ń bọ́ wọn. Àwọn kan máa ń fa jáàkì gìtá yọ láti fi ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dà, yíyọ jáàkì yẹn ló ń pa bátìrì, ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ bá gbọ́ kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́tí sí irú ohùn tó ń hú. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣe pútú-pútú-pútú bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tó rọra ń lù ní ìgbà díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má wulẹ̀ wo wáyà. Ọ̀nà iná ni. Nígbà tí tìràǹsísítọ̀ ìkẹyìn bá fa iná, fóltì bátìrì á lọ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé bátìrì náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀ nínú. Tìràǹsísítọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹun látinú àwo kan náà á rí lílọ sílẹ̀ yẹn bí ẹni pé ìró tuntun ló dé, á sọ ọ́ di ńlá, á gbé e fún ìkẹyìn, ìyẹn á tún fa iná. Bátìrì tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìdíwọ́ yìí. Èyí tó ti ń kú ló ní í púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ tí a ṣe é, kó sì bẹ̀rẹ̀ pútú-pútú lẹ́yìn oṣù mélòó kan láìsí pé ohun kan yí padà nínú rẹ̀. Fuzz Face ìgbà 1966 kò ní kàpásítọ̀ kankan lórí iná rẹ̀, àwọn tó bá sì ń tẹ̀ lé àwòrán àtijọ́ náà láìfi nǹkan kan kún un ń jogún àìsàn yìí. Ohun tó ń wò ó sàn ni kàpásítọ̀ microfarad 100 láàrin iná àti ẹ́ẹ̀tì, kí rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm sì wà lójú ọ̀nà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ á dí ọ̀nà mọ́ ohunkóhun tó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bíi hertz 16 lọ. Kí ẹ tún fi kékeré kan bíi nanofarad 100 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn ìró tó ga tí kàpásítọ̀ ńlá kò lè mú dáadáa. Mi ò rí ìdí kankan tí pẹ́dà ilé kan fi yẹ kó jáde láìní ohun mẹ́ta yìí.

Ọ̀rọ̀ iná tún ní apá kan tó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Fuzz Face jẹmáníọ̀mù tó ń lo AC128 jẹ́ irú èyí tí ìdí rere bátìrì rẹ̀ ń kan ẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ pẹ́dà yòókù fi ìdí òdì kan án. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ mọ́ ádápítọ̀ kan ṣoṣo, ìdí rere àti ìdí òdì ádápítọ̀ náà ti kanra nìyẹn. Ó lè pa gbogbo rẹ̀, ó sì lè hú. Bátìrì tirẹ̀ tàbí iná tó dá dúró ló yẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀yà ara kékeré bíi ICL7660 yí fóltì dojú délẹ̀ kí wọ́n lè lo ádápítọ̀ gbogbogbò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì, ní nǹkan bíi kilohertz 10, etí wa sì ń gbọ́ ìyẹn bí súfèé tín-ín-rín. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wá híhú níbi tí kò sí. MAX1044 tí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ kìíní mọ́ ìkẹjọ á gbé súfèé náà kọjá ibi tí etí dé, LT1054 sì ti wà ní nǹkan bíi kilohertz 25 láti ilé iṣẹ́.

Bí ohùn náà bá jẹ́ súfèé gígùn, tó ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ bí o bá ṣe ń yí nọ́ọ̀bù fuzz tàbí nọ́ọ̀bù ohùn, nígbà náà ni ká wá wáyà. Ibi tí mo ti ń kọ́kọ́ wò ni súwíìṣì ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni wáyà ìwọlé àti wáyà ìjáde ti ń pàdé, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án nínú àyè tí kò tó ìka ọwọ́ méjì, ẹni tó bá sì fẹ́ràn kí inú àpótí mọ́ tónítóní máa ń di gbogbo wáyà náà pọ̀ ní ìdì kan. Ìmọ́tótó yẹn ló ń pa wọ́n lára. Wáyà ìwọlé gbọ́dọ̀ kúrú, kó sì jìnnà sí ti ìjáde; bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n dá ara wọn kọjá ní àgbélébùú, kí wọ́n má jọ rìn. Bí àyè kò bá sí, wáyà tó ní aṣọ irin ni kí ẹ lò fún ìwọlé, kí ẹ so aṣọ náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo. Bákan náà, nígbà tí pẹ́dà bá wà ní pípa, ẹ jẹ́ kí súwíìṣì so ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ọ̀nà tó wà lófo ń gbọ́ ohun gbogbo, híhú rẹ̀ sì ń yọ́ wọnú ohùn gìtá tí kò lo fuzz rárá.

Lórí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ìlà bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń ṣe iṣẹ́ kàpásítọ̀ tí a kò rà yẹn. Bí ìlà ìwọlé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìjáde, ẹ fi ìlà kan tó kan ẹ́ẹ̀tì sáàrin wọn. Pánẹ́ẹ̀lì oníhò tí a fi ń dánwò láìjó líìdì burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí picofarad mélòó kan wà láàrin ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, fuzz tó ń hú lórí pánẹ́ẹ̀lì ìdánwò lè dákẹ́ pátápátá nígbà tí a bá jó o sórí èyí tó tọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ẹ̀ da àwòrán rẹ̀ nù.

Àpótí alumíníọ̀mù náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dáàbò bo inú, ṣùgbọ́n kìkì bó bá kan ẹ́ẹ̀tì ló lè ṣe é. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́: jáàkì á dúró lórí ọ̀dà, ideri á jókòó lórí ọ̀dà, a ó sì ní àpótí irin tí kò mọ ẹ́ẹ̀tì. Irú ideri bẹ́ẹ̀ á wá di afárá tí ìró ìjáde ń gbà kọjá sọ́dọ̀ ìwọlé. Bí pẹ́dà yín bá dákẹ́ nígbà tó wà ní ṣíṣí, tó sì ń hú kété tí ẹ bá fi ìdè de ideri, ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò ní ibi tí jáàkì àti ideri ti ń kan àpótí. Ohun mìíràn tó dára ni kí ẹ fi igi gbígbẹ tín-ín-rín máa ti wáyà kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn nígbà tí híhú ń lọ lọ́wọ́. Igi, kì í ṣe ìka: ìka yín náà ń gbé ìró. Wáyà tí ohùn bá yí padà nígbà tí igi kàn án ni ẹ ń wá.

Híhú kẹta kì í dún, òun ló sì ń tan àwọn tó ti mọṣẹ́ pàápàá. Tìràǹsísítọ̀ sílíkọ́nì òde òní yára kọjá ohun tí gìtá nílò. 2N3904 tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà lè ṣiṣẹ́ dé megahertz 300. AC128 jẹmáníọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá megahertz kan sí méjì. Nítorí náà, sílíkọ́nì lè máa hú ní ibi tí etí èèyàn kankan kò dé, láàrin ìgbì rédíò. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé ohùn fuzz dìdàkudà: ó ń ha lọ́nà tí kò tọ́, ó ń kú lójijì níparí ohùn, ó ń ṣe ṣìì-ṣìì láìnídìí. Mítà á sì máa sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti àwòrán. Kọlẹ́kítọ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ tí ìró ń gbà jáde, lára tìràǹsísítọ̀ kejì nínú Fuzz Face yẹ kó wà ní nǹkan bíi fóltì 4.5. Bó bá jìnnà sí i, tó sì ń yí padà nígbà tí ẹ bá kàn gbé ọwọ́ súnmọ́ pánẹ́ẹ̀lì láì kàn án, híhú ìgbì rédíò ni. Ẹni tó ní ọsilosíkóòpù á rí i lójú; ẹni tí kò ní lè gbé rédíò AM kékeré súnmọ́ ọn, kó máa yí i, kó sì gbọ́ bóyá ariwo ń dé nígbà tí pẹ́dà bá wà ní títàn, tó sì ń lọ nígbà tó bá wà ní pípa.

Ìtọ́jú irú èyí kò pọ̀. Rẹ̀sísítọ̀ 1,000 ohm tó súnmọ́ béèsì (ẹsẹ̀ tí ìró ń gbà wọlé) tìràǹsísítọ̀ àkọ́kọ́ dáadáa ń mú agbára ìgbì náà lọ kó tó wọlé. Bí a bá lo 10,000 ohm pẹ̀lú picofarad 100 sí ẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá ju nǹkan bíi kilohertz 159 lọ á máa kú, etí wa ò sì ju kilohertz 20 lọ, nítorí náà ohùn gìtá kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ń lé rédíò AM jáde. Ṣùgbọ́n nínú Fuzz Face, 10,000 ohm yìí á dín agbára fuzz kù, torí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga. Níbẹ̀, 1,000 ni mo fara mọ́.

Ẹ rántí pé mo sọ pé Fuzz Face kì í fara mọ́ ẹlòmíràn. Pẹ́dà wah, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwá sẹ́yìn láti yí ohùn gìtá padà, ni ọ̀tá rẹ̀. Bí wah bá wà níwájú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà Fuzz Face tó ń fa ìró mọ́lẹ̀ á da ìṣirò inú wah rú, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú pa pọ̀ ní ibì kan nínú ìrìn ẹsẹ̀ wah. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká kàn gbé fuzz síwájú, kí wah máa tẹ̀ lé e. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí Hendrix fi kọrin ní Woodstock ní 1969. Wah ló wà níwájú níbẹ̀. Rẹ̀sísítọ̀ kan láàrin méjèèjì lè tó. Bí kò bá tó, ẹ fi tìràǹsísítọ̀ kan tí kì í sọ ìró di ńlá sí ìdí wah, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ta ìró náà síwájú pẹ̀lú agbára. Ẹ má fi í sáàrin gìtá àti Fuzz Face nígbà tí kò sí wah, torí ìbáṣepọ̀ gìtá àti Fuzz Face ló ń jẹ́ kí ohùn mọ́ nígbà tí a bá dín nọ́ọ̀bù gìtá kù, ohun tó sì mú kí a fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí nìyẹn.

Nípa ìwòsàn lápapọ̀, àwọn aṣẹ̀rọ pín sí ọ̀nà bíi mẹ́ta. Àwọn kan gbà pé kàpásítọ̀ kékeré láàrin kọlẹ́kítọ̀ àti béèsì ni òògùn gbogbo híhú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Big Muff ní irú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, bíi picofarad 470, ara ohun tó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ fuzz tí wọ́n ti rọ kàpásítọ̀ sí lára títí ohùn rẹ̀ fi dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, nígbà tí ohun tó ń hú jẹ́ wáyà kan ṣoṣo. Nínú Fuzz Face sílíkọ́nì, picofarad 47 sí 100 tó; bí ẹ bá ń fẹ́ ju ìyẹn lọ, ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ kò tíì dí. Àwọn kejì ni àwọn tó ń wá tìràǹsísítọ̀ tí agbára rẹ̀ kéré. Ó ń yẹ ohun àkọ́kọ́ tí Barkhausen béèrè, òótọ́ ni, àmọ́ ó ń mú lára fuzz náà lọ pẹ̀lú. Àwọn kẹta ń tú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń tò ó lọ́tun, kí ìwọlé wà ní apá kan, kí ìjáde wà ní apá kejì, kí ẹ́ẹ̀tì gbogbo pàdé ní ojú kan. Èyí ló gba àkókò jù, òun náà ni mo sì fọwọ́ sí jù, nítorí pé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ohùn. Bí mo ṣe ń tò ó nìyí: iná kọ́kọ́, wáyà lẹ́yìn rẹ̀, rẹ̀sísítọ̀ ẹnu ọ̀nà, kàpásítọ̀ kékeré, kí tìràǹsísítọ̀ tó kàn.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò fẹ́ kó dákẹ́. Zachary Vex gbé Fuzz Factory jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995, pẹ́dà tó mọ̀ọ́mọ̀ ń hú; nọ́ọ̀bù kan wà lára rẹ̀ tí ń dín fóltì kù, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yí lè darí súfèé náà lọ síbi tó bá fẹ́. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọgbọ́n gidi. Ó fi hàn pé híhú tí a lè pè, tí a sì lè lé, jẹ́ ohun èlò orin. Èyí tó wá láìpè, tí kò sì gbọ́ràn, àbùkù iṣẹ́ ni, kò sì yẹ ká máa fi orúkọ àkọ́kọ́ bo èkejì mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń tà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà nílé. Ohùn fuzz kì í ṣe àlejò ní Èkó: ní 1973 ni ẹgbẹ́ olórin BLO gbé àwo orin Chapter One jáde, ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's tó ń jẹ́ Ofege gbé Try and Love jáde, gìtá inú wọn sì ń fàya gan-an. Àwọn rédíò tìràǹsísítọ̀ àtijọ́ tó ti kú, tí àwọn olùtúnṣe kó jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lè ní AC128 tàbí irú rẹ̀ nínú, ohun tí àwọn aṣẹ̀rọ Yúróòpù ń fi owó gọbọi wá kiri. Kí ẹni tó bá yọ wọ́n rántí pé jẹmáníọ̀mù ń jò bí ooru bá mú: jíjò náà ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 10 kọ̀ọ̀kan. Fóltì 4.5 tí ẹ tò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lè má wà níbẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán gangan, ẹ sì lè rò pé híhú ìgbì rédíò ló dé. Ẹ wọn ọ́n nínú ooru tí ẹ máa ti lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ ta pẹ́dà fuzz tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó kọ́kọ́ de ideri rẹ̀ pinpin, kó fi bátìrì tó ti ń kú sí i, kó gbé wah síwájú rẹ̀, kó sì yí gbogbo nọ́ọ̀bù dé òpin. Bí kò bá hú, kó tà á.